Ìlù Wọlé, Ọ̀rọ̀ Ìlù Kù Síta: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin Àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe orin. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kọrin ni. A fẹ́ bi ara wa léèrè ohun tí ó ń dun àwọn àgbà olórin ìlú wa nígbà tí wọ́n bá rántí ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣeré rí, a sì fẹ́ mọ̀ bí ọ̀ràn náà bá kan ìjọ.

Ẹni tí ó bá bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ jókòó ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gbọ́ ìráhùn kan náà. Gìtá wà lára ògiri, okùn rẹ̀ ti já. Baba náà a wò ó, a sì wí pé, "Ní ìgbà tiwa, ènìyàn ni ó ń ṣeré fún ènìyàn." Ọ̀pọ̀ nínú wa a rẹ́rìn-ín, a ó rò pé ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń wá kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀, a ó rí i pé ohun tí ó sọnù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí gìtá tó dé ilẹ̀ yìí ni ìdílé àwọn onílù ti wà. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ Àyánwálé, Àyántúndé tàbí Àyánkúnlé, a ti mọ irú ilé tí ó ti wá. Ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ kì í dédé gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Yóò kọ́kọ́ máa ru ìlù tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí òde. Lẹ́yìn náà a ó fún un ní gúdúgúdú, ìlù kékeré tí a ń fi kọ́ ọrùn. Láti ibẹ̀ ni yóò dé ìdí ìsáájú àti kẹríkẹrì, títí di ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbó tó láti mú ìyáàlù sọ̀rọ̀. Ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ nítòótọ́, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nínú èdè wa. Bí onílù bá fún ọṣán pọ̀, ohùn a ga. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a lọ sílẹ̀. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ìlù a máa jí ọba, a sì máa sọ fún un irú àlejò tí ń bọ̀. Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó jọba láti ọdún 1970 títí ó fi wàjà ní ọdún 2022, jẹ́ ọba tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó gbọ́ èdè ìlù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dá ìlù lóhùn.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ olórin tuntun kọ́lé sí. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá sínú àwo giramafóònù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1936 ni Túndé King ti Èkó gbé orin jùjú sínú àwo. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú jùjú, àti nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnga dé, gìtá lè dún láàrin ìlù láìsí pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. I. K. Dáíró, tí a bí ní Ọ̀fà ní ọdún 1930, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ó so gìtá, àkọ́díọ̀nù àti ìlù pọ̀ dáradára débi pé a fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu, ògbólógbòó oníjàálá, ni. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n tàn dé Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì tàn dé Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Lọ́hùn-ún ni orin highlife ti gbilẹ̀, kí E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa gbé e wá sí ilẹ̀ wa láti bí ọdún 1950. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò kúrò ní ìparí ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ àti orin púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí òru kan ti rí nígbà náà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó yóò ti san àsansílẹ̀ fún olórí ẹgbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a dé pẹ̀lú gìtá, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti gángan. A ó ta àtíbàbà sí ojú òde, a ó sì tan àtùpà gáàsì. Olórí ẹgbẹ́ kì í kánjú kọrin. Yóò kọ́kọ́ wo àwùjọ: ta ni onínàáwó, ta ni àna, ta ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá? Yóò rán ọmọ kan lọ béèrè orúkọ baba àlejò tí ó wọ agbádá funfun ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí àlejò náà bá ti dìde, gángan a ti pe oríkì rẹ̀ kí orin tó kan orúkọ rẹ̀; àwọn ẹlégbè a gbè é; àlejò a jó wá síwájú, a sì máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Bí ijó bá gbóná, orin a gùn. Bí ó bá tutù, olórin a yí i padà. Bí ìyá òkú bá ń sunkún, ìlù a rọra. Nítorí náà kò sí orin kan tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì bákan náà, nítorí pé kò sí òde méjì tí ó rí bákan náà.

Èyí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ baba tí gìtá rẹ̀ wà lára ògiri. Àwo giramafóònù lè kọrin dáradára, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó wọlé.

A kò gbọdọ̀ fi oyin sí ohun tí kò dùn. Ọtí pọ̀ ní òde wọ̀nyí. Àwọn ọmọdékùnrin fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Àwọn olórin kan gba owó láti fi orin bú ọ̀tá ẹlòmíràn, àwọn olórí ẹgbẹ́ kan sì kó owó alẹ́ sí àpò ara wọn, kí àwọn tí ń gbè wọ́n tó rí nǹkan. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n kìlọ̀ fún wa rí ohun tí wọ́n rí.

Kí ni ó wá tú àwọn ẹgbẹ́ náà ká? Ohun kan ṣoṣo kọ́. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 fọ́ àwọn ẹgbẹ́ highlife, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn afunfèrè wọn jẹ́ ará ìlà-oòrùn tí wọ́n sá padà sí ilé. Lẹ́yìn ogun, àwọn ẹgbẹ́ ńlá, irú ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé, ní ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ ìlú kékeré kò lè rà. Ní ọdún 1986 ni ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà, tí náírà sì wálẹ̀. Okùn gìtá àti agbóhùnga tí ń ti òkè òkun wá di ohun tí apá kò ká mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń dà kọ láìgba àṣẹ jẹ èrè olórin. Ní ìkẹyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan àti agbóhùnga méjì wá gba ipò ọkùnrin mẹ́wàá. Owó rẹ̀ kéré, kì í sì í béèrè oúnjẹ púpọ̀. Onínàáwó ṣírò owó rẹ̀. A kò lè bá a wí jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọ̀ràn náà gbà kan àwa gan-an. Ní ìgbà èwe wa, a wà níbi ìsìn ìkórè nínú ìjọ kan nígbà tí ọkùnrin kan, tí ó fẹ́ fi ìlù dúpẹ́, gbé gángan rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àgbà ìjọ kan dìde, ó ní kí ó gbé ohun ìbọ̀rìṣà náà kúrò. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó fi ìlù sí abẹ́ igi ní ìta, ó wọlé, ó fi ọrẹ rẹ̀ sínú àwo, ó sì jáde. Àwa ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́ fún àgbà náà. A ti ń rántí ọjọ́ náà láti ìgbà náà wá, ojú sì ń tì wá.

Kì í ṣe ìjọ yẹn nìkan. Ní ọdún 1961, Dúró Ládiípọ̀ lo ìlù nínú orin Àjíǹde tí ó ṣe fún ìjọ ní Òṣogbo, àwọn kan sì bínú sí i. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1963 ni ó gbé eré Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, pẹ̀lú bàtá àti dùndún. Ní ọdún 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ohun tí ilé kọ̀ ni òkèèrè gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀ Orin Dáfídì 150 ti ka ìlù mọ́ ohun èlò ìyìn láti ìgbà láéláé.

Lónìí ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ẹgbẹ́ tí ń fi ọwọ́ àti ẹnu ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìlú méjèèjì yìí, ilé ìsìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìsìn ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1898, ń kọ́ni ní orin ìjọ. Ìjọ tí ó lé onílù ni ó wá di òrùlé lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún èyí, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ìlù wọlé, ọ̀rọ̀ ìlù kù síta. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń lu gángan nínú ìjọ mọ bí ó ti ń dún, wọn kò mọ ohun tí ó ń wí. Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ń lù ú kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò jó o? Àgbà kan wí fún wa pé kì í ṣe owó ni òun ń ráhùn fún. Òun mọ oríkì gbogbo ilé tí ó wà ní àdúgbò òun, kò sì sí ọmọ kan tí ó wá béèrè ọ̀kan.

Ẹnì kan lè wí pé òrìṣà pọ̀ nínú oríkì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí a fi ń bú ènìyàn náà ni a fi ń súre, a kò sì torí èébú gé ahọ́n. Kí ìjọ yan ọ̀rọ̀ tí ìlù yóò sọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yan ọ̀rọ̀ tí ẹnu yóò kọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí a san owó fún àwọn tí ń ṣeré fún wa. A kì í bẹ káfíńtà pé kí ó fi ìjókòó ìjọ ṣe ọrẹ ní ọdọọdún. Kí ló dé tí à ń bẹ onílù bẹ́ẹ̀? Èkejì, kí olúkúlùkù ìjọ rán ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ àgbà onílù tàbí àgbà onígìtá, kí wọ́n máa ru ìlù tẹ̀lé e bí ọmọ Àyàn ti ń ṣe, títí ohun tí ó mọ̀ yóò fi di tiwọn. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a mọ ìwé kọ lọ jókòó tì wọ́n nísinsìnyí, kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn, orin wọn àti oríkì tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n.

Bí ọkùnrin tí ó fi gángan sí abẹ́ igi lọ́jọ́ náà bá ṣì wà láàyè, yóò ti di arúgbó. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè. Ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ àwọn tí ó kù.