Wàláà Onígíláàsì àti Oko Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn

Ohun tí ó mú mi dúró níwájú yín lónìí ni iyàn kan tí a jà níbi ìkómọjáde ní àdúgbò yìí. Alàgbà kan rí àwòrán tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi kọ̀ǹpútà yà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀rọ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan." Mo fẹ́ dá alàgbà náà lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, apá kan kò sì tọ̀nà. Ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí wa pẹ̀lú wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́.

Ohun tí ọmọ náà ń lò ni wọ́n ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó pẹlẹbẹ bí wàláà ilé-kéwú, ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ó sì ní kálàmù kan tí kò fẹ́ tàdáwà. Ibi tí kálàmù náà bá fara kàn, àwọ̀ á jáde níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣì í yà, á fi ìka kan ṣoṣo pa á rẹ́. Àwòrán tí ó kọ́kọ́ fi hàn mí dára lójú púpọ̀: ilé kan tí yìnyín bo òrùlé rẹ̀, àwọn igi tí kò léwé, àti ẹṣin méjì nínú pápá. Mo bi í pé, "Níbo lo ti rí ilé yìí?" Ó ní, "Bàbá, inú íntánẹ́ẹ̀tì ni." Mo dákẹ́. Ilé tí ó jókòó sí nígbà náà, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí òkè Màpó.

Nígbà náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa aládìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn ṣe bí ẹ mọ̀ wọ́n. Láfún ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á sẹ́ ẹ títí yóò fi kúnná, ìyẹ́ adìẹ sì ni gègé wọn. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n á pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á sì máa yà á láti inú orí wọn, láìsí ìwé kankan níwájú wọn. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kì í lè mu ún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mélòó kan, tí ó gbẹ, wọn á ha ẹ̀kọ náà kúrò, ohun tí wọ́n yà yóò sì jáde ní funfun tí aró ta sí díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé oko ni gbogbo rẹ̀ ti wá: ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe láfún, ewé ẹ̀lú tí a gún fún aró, eérú tí a sẹ́ omi rẹ̀.

Kí sì ni wọ́n ń yà? Nínú aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà, wọ́n sì fi síbí sí àárín òpó àti òpó. Ní 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn náà. Ilé ìjọba ni. Òyìnbó amúnisìn ni ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọ̀nyí gbójú sókè, wọ́n rí i lórí òkè, wọ́n sì mú un wọ inú aṣọ ìró, wọ́n fi síbí ọbẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín a máa pa mí nígbà tí mo bá rántí rẹ̀. Wọ́n ya ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n ya ẹyẹ àti alángbá. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá gbé òun àti ayaba rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n sì pè é ní Olóba. Ní 1971 Jane Barbour àti Doig Simmonds gbé ìwé kan jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí aṣọ àdìrẹ. Ojú tì mí díẹ̀ pé inú ìwé náà ni mo ti kọ́ orúkọ àpẹẹrẹ kan tí ìyá tí ó bí ìyá mi ń yà lójú mi.

Alàgbà wa yóò ní ìyẹ́ adìẹ kì í ṣe ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí ó fi irú wàláà yìí gan-an ya oko. David Hockney ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ìlú Bradford ní 1937. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó bá wọn ṣe iṣẹ́ ìkórè ní agbègbè Wolds ní Yorkshire, níbi tí oko àlìkámà àti bálì tẹ́ lọ salalu. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí California ní Amẹ́ríkà, ó sì di olókìkí níbẹ̀. Ní 1997 ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jonathan Silver, dùbúlẹ̀ àìsàn tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Hockney ń wakọ̀ láti etí òkun lọ bẹ̀ ẹ́ wò, àárín oko wọ̀nyí ni ọ̀nà rẹ̀ sì gbà. Ọ̀rẹ́ tí ń kú lọ yìí ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó ya ilẹ̀ ìbí òun. Ó yà á. Nígbà tí ó sì yá, ó padà wá gbé níbẹ̀.

Ní 2010 iPad jáde. Hockney ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó sì rà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ni ó ti ń lọ sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń pè ní Woldgate, nínú òtútù àti nínú òjò, ó ń ya igi kan náà àti koríko etí kòtò kan náà, títí igi tí ó wà ní ìhòòhò fi rúwé. Nínú ọ̀pọ̀ tí ó yà, 51 ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ńláńlá, tí wọ́n sì gbé kọ́ ní Royal Academy ní London ní 2012 pẹ̀lú àwòrán ńlá kan tí ó fi ọ̀dà yà sórí aṣọ 32 tí a so pọ̀. Ọ̀nà oko lásán ni, tí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn kan tí a kò mọ̀ fi ayùn ẹ̀rọ gé kùkùté igi gíga kan tí Hockney ti yà léraléra ní agbègbè náà. Ó lọ síbẹ̀. Èédú ni ó mú dání lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe wàláà, ó sì fi ya igi náà bí ó ti dùbúlẹ̀. Bàbá mi alàgbà, èwo nínú àwòrán wọ̀nyí ni ẹ̀rọ yà?

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe é. Ọmọ Íbò kan wà, Prince Jacon Osinachi Igwe, tí ayé ń pè ní Osinachi. Microsoft Word, èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fi ń tẹ ìwé ìpàdé, ni ó fi ń ya ènìyàn. Ilé gbàǹjo Christie's sì ta iṣẹ́ rẹ̀ ní London ní 2021.

Ibi tí alàgbà ti jàre nìyí. Ẹ̀rọ mìíràn ti dé báyìí tí ènìyàn ń pàṣẹ fún, tí í sì ya ọjà Yorùbá fún ẹni tí kò dé ọjà rí. Mo rí ọ̀kan tí obìnrin inú rẹ̀ ní ìka mẹ́fà. Aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ Ṣáínà tẹ̀ sì wà lórí àtẹ, wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, owó rẹ̀ kò tó ti ẹni tí ó fi ìyẹ́ adìẹ yà á, àwa náà sì ń rà á. Ẹ wo aṣọ ọrùn yín kí ẹ tó bá mi jà.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo mú ọmọ náà lọ sí oko ẹbí wa lójú ọ̀nà Àkànrán. Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni a sọ ìlú wa, ó sì ṣòro kí a tó rí agboolé ìgbàanì kan níhìn-ín tí kò ní abúlé. Ọmọ náà ti ya oko kòkó kan sílẹ̀ láti ilé. Ó fi han àgbẹ̀ tí ń bá wa tọ́jú ibẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́, ó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n máńgòrò ni èyí." Ó ti so kòkó rọ̀ sí orí ẹ̀ka tín-ín-rín! Àgbẹ̀ náà fà á lọ́wọ́ lọ sí ìdí igi, ó fi hàn án bí kòkó ti ń so mọ́ ara igi gan-an láti ìsàlẹ̀ wá. Ọmọ náà fi ìka pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó jókòó sórí ewé gbígbẹ, kò sì dìde títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò. Ó ya àwọn obìnrin tí ń yan gàrí, ó ya pèrègún tí baba baba mi gbìn sí ààlà. Ìyá àgbà kan tí ń yan gàrí bi í pé, "Ojú mi tí o gbé lọ yìí, ta ni yóò ni ín?" Kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, ó tẹ àwòrán náà sórí ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìyá náà kí ó tó fi hàn ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, àwọn tí ń ra ilẹ̀ ti dé ọ̀nà Àkànrán. Wọ́n ti wọn oko ẹbí wa sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n sì fi igi sàmì sí i. Èmi kò bá àwọn tí ó fẹ́ tà á jà. Òrùlé agboolé ń jò, owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró de kòkó. Ṣùgbọ́n èmi kò ì tí ì fọwọ́ sí i. Ní ìpàdé ẹbí tí ó kọjá, mo ní kí ọmọ náà gbé àwòrán ààlà jáde. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé oko mọ́ láti ọdún mẹ́jọ, gba wàláà náà, ó ń ka pèrègún ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó ku ọ̀kan. Iyàn sì bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ṣú, a kò parí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó tún jókòó. Ọmọ náà ti padà lọ sí oko láti lọ wá pèrègún kan tí ó kù.