Ọ̀rọ̀ Tòní: Declivity

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tòní ni declivity. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, àmọ́ ẹni tó dúró lókè tó ń wo ìsàlẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó gbójú sókè, acclivity ni tiẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tó lọ sétí odò Ọ̀ṣun níbí ní Ẹdẹ. Ẹni tó ń lọ pọnmi á ní òun ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá ru omi bọ̀, ó di òkè. Ọ̀nà kan náà ni o! Ọrùn rẹ̀ ló mọ ìyàtọ̀.

Clivus ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lédè Látìn. Orúkọ náà ṣì wà lára ọ̀nà àtijọ́ kan ní Róòmù, Clivus Capitolinus. Ọmọ ìyá wọn ni proclivity: ibi tí ọkàn ẹni dàgẹ̀rẹ́ sí. Ní tiwa, ọkàn kì í dàgẹ̀rẹ́, ńṣe ló máa ń fà sí nǹkan. Tiwa dùn mọ́ mi jù.

Tí awọnlẹ̀ bá wá kọ ọ́ pé declivity wà nínú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀ ná, kí ẹ lọ wo ibi tí àgbàrá ń gbà.