Ohun Kan, Orúkọ Kan: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ẹ̀tọ́ Fún Sójà Tó Ti Fẹ̀yìntì

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akọ̀wé àti ọmọ ẹgbẹ́)

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ti ọ̀rọ̀ ẹnu bá rí báyìí, èyí tí a kọ sínú ìwé ńkọ́, tí a tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé, tí ó sì ti wọ fáìlì ìjọba?

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí à ń bójú tó. Àwọn kan ja ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Àwọn kan lọ sí Làìbéríà ní àwọn ọdún 1990. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ Military Pensions Board, tàbí bí wọ́n bá kú tí opó wọn fẹ́ béèrè, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń sáré wá. Akọ̀wé ló mọ ìwé, òun náà ló sì ní òǹtẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa kí a tó bá yín wí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, opó ọmọ ẹgbẹ́ kan tọ̀ wá wá. Ọkọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé, "Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ sójà." Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ka lẹ́tà náà yóò rò pé ọkùnrin náà ṣẹ̀, wọ́n sì lé e dànù. Ẹni tí a lé kò sì rí bí ẹni tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èyí nìkan kọ́. Orúkọ mẹ́ta ni lẹ́tà náà fi pe olóògbé: lókè, orúkọ tó fi wọṣẹ́ sójà; láàárín, orúkọ mùsùlùmí rẹ̀; nísàlẹ̀, orúkọ tó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ ẹgbẹ́. Àwa tí a wá yẹ ìwé wò fọwọ́ sí i, a kò kà á dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́tà padà wá. A tún òmíràn kọ, a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, a gbàgbé èkejì; òun náà padà wá. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú. Kí owó tó dé, ìyá náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bára mu ló dá a dúró.

Ẹni tó jókòó ti fáìlì kò mọ̀ wá rí. Ìwé nìkan ló rí. Bí ìwé bá pe ènìyàn kan ní orúkọ méjì, ènìyàn méjì ló rí.

ORÚKỌ

Ìwé ìfẹ̀yìntì tí iṣẹ́ sójà fún un ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Lójú fáìlì, Sunmonu kì í ṣe Sumonu, Shina kì í ṣe Sina. Ní ayé ìjọba òyìnbó, orúkọ ìlú ni wọ́n kọ mọ́ ọ̀pọ̀ sójà lára bí orúkọ baba. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n tún un ṣe. Ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì, kí ẹ so ìwé ìbúra mọ́ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, orúkọ inú ìwé sójà nìkan ni kí ẹ lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà sójà rẹ̀.

ÌYÀWÓ ÀTI ỌMỌ

Èdè wa ní ọ̀yàyà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, ìyàwó wa ni. Ọmọ tí a bá wọn tọ́, ọmọ wa ni. Nílé, kò sí aburú níbẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀tọ́, wàhálà ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "ìyàwó tí olóògbé fẹ́", "ọmọ tí olóògbé bí", "ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí olóògbé tọ́". Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì bi sójà léèrè nígbà tó wà láàyè pé ta ni ó kọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù. Àwa alájẹṣẹ́kù mọ èyí dáadáa, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ wa náà máa ń yan ẹni tí yóò gba ìpín òun.

ỌDÚN ÀTI ỌGBẸ́

Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka èyí tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Òní, ọ̀la, ọ̀tunla: ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó wọṣẹ́ ní oṣù kẹfà 1967 tó kúrò ní oṣù kẹfà 1976 lè ní ọdún mẹ́wàá lòun lò. Ọ́fíìsì yóò ní mẹ́sàn-án ni. Ẹ má ṣe bá a kà á. Ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde bí wọ́n ti wà nínú ìwé rẹ̀.

Bákan náà ni ẹsẹ̀. Láti ìbàdí dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ni à ń pè é. Ẹ kọ "ẹsẹ̀ ọ̀tún, lókè orúnkún", kí ó bá ohun tí dókítà kọ mu. Ohun tí ẹgbẹ́ kò rí, kí ẹgbẹ́ má jẹ́rìí sí i.

OWÓ

Àwọn ará wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní "owó sójà". Gìràtúítì ni èyí tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́ńṣàn ni èyí tí a ń gbà lóṣooṣù. Èyí tí ẹ bá ń béèrè ni kí ẹ dárúkọ, kí ẹ sì máa fi orúkọ kan náà pè é títí dé òpin. Akọ̀wé tó ti bá òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ìwé rí, kí ó ṣọ́ra. Òfin 2004 mú ètò wá tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó pẹ́ńṣàn jọ, ṣùgbọ́n a ti yọ àwọn sójà kúrò nínú rẹ̀ láti 2011. Ọ̀rọ̀ tíṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ sójà.

A mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá kì í fẹ́ pe ohun kan ní orúkọ kan ṣoṣo. Bí a bá ń kí ọba, ẹwà ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀tọ́ kì í ṣe ewì. Àwítúnwí tó dúró gbọn-in ló ń gba owó.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí àwọn sójà tó wà nínú ẹgbẹ́ mú ìwé wọn wá nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè ṣàlàyé rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti ìbátan sí ojú ìwé kan. Lẹ́tà yòówù tí ẹ bá kọ, kí ẹ kà á sókè fún ẹni tó ni ín, kí ẹlòmíràn tún kà á, kí a tó tẹ òǹtẹ̀. Kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, kí lẹ́tà kejì má baà ta ko èkíní.

Àwa náà ti ṣe ìlérí: a kò ní fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà tán mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti tó fún ẹ̀kọ́ wa. Ire o.