Bí Àdá Bá Ṣá Ni Lóko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin,

Láti ọdún 2001 ni Èkó ti ní áńbúláǹsì ìjọba, LASAMBUS. 767 tàbí 112 ni ká pè. Ṣùgbọ́n ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀jẹ̀ lè ti dà tán lára èèyàn.

Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ń kọ́ni nìyí. Ẹ dá ẹni náà dùbúlẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí. Ẹ má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, ẹ fi aṣọ mìíràn lé e, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Oko kò ní nọ́ńbà bí ilé. Ẹ sọ Àfẹ́níù tó súnmọ́ yín, kí ẹnì kan dúró de ọkọ̀ lójú títì.

Ọwọ́ tí kò ṣe é rí a máa gbọ̀n. Nípàdé wa tó ń bọ̀, a ó fi ara wa dánra wò, ní méjì-méjì. Ẹ mú aṣọ mímọ́ kọ̀ọ̀kan wá. A ò ní rógun àdá o.