Àwọn Oògùn Tí Ń Ta Ọpọlọ Jí, àti Ohun Tí Wọ́n Ń Fi Ara Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ní ìpàdé ọdọọdún)

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn oògùn tí àwọn dókítà ń fún àgbàlagbà tí ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní ADHD. Àwa mẹ́rin ni a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́ta nínú wa ń lo ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà. Ẹnì kẹrin jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí dókítà nínú wa, ẹ má sì ṣe torí ohun tí a bá sọ níhìn-ín pa ọ̀rọ̀ dókítà yín tì.

Ẹ ó rántí pé ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹgbẹ́ fi bá akọ̀wé rẹ̀ àtijọ́ jà, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í pé, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sì sọnù nígbà mẹ́ta. A pè é ní aláìbìkítà lójú ìyàwó rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 43 kí dókítà tó sọ orúkọ ohun tí ń ṣe é fún un, pé ọkàn rẹ̀ ni kì í lè dúró sójú kan, kì í ṣe ọ̀lẹ. Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwa mẹ́rin, ó sì ti fún wa láyè láti sọ èyí àti èyí tí ó burú jù ú lọ tí ń bọ̀ níwájú.

Ìdílé méjì ni àwọn oògùn wọ̀nyí. Èkíní ni methylphenidate, èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ Ritalin àti Concerta. Leandro Panizzon ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Basel ní Switzerland ní ọdún 1944, inú orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni a sì ti mú orúkọ Ritalin jáde. Èkejì ni ìdílé amphetamine, tí a ti ṣe láti ọdún 1887. Nínú rẹ̀ ni dexamfetamine wà, àti lisdexamfetamine, tí a ń pè ní Elvanse níhìn-ín, tí àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ń pè ní Vyvanse. Adderall tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún wa láti ọ̀hún náà jẹ́ ti ìdílé yìí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ wọn jọra, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Àwọn èròjà kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀, dopamine àti noradrenaline. Methylphenidate a máa dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà sílé kí iṣẹ́ wọn tó parí. Amphetamine ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń lé wọn jáde láti inú ilé.

Ìnira tí àwọn méjèèjì jọ ń mú wá kò ṣòro láti mọ̀: oúnjẹ kì í wu ènìyàn, oorun a dínkù, ẹnu a gbẹ, orí a máa fọ́, ọkàn a máa lù kíkankíkan. Ẹni tí ó bá gbé e mì ní agogo méje òwúrọ̀ lè máa wo iyán lọ́sàn-án bí ẹni tí ń wo pákó. Bí oògùn bá sì ń lọ lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ebi yóò dé, ìbínú yóò sì tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé ni wọn yóò sì gbà á.

Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú bí wọ́n ti ń pẹ́ tó lára. Ritalin onígbà kúkúrú kì í ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Kò tètè ba oorun òru jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lò ó ń gòkè ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Concerta ń lò tó wákàtí 12. Èèpo rẹ̀ kì í yọ́, ẹ̀yìn ni ó ń bá jáde; ọ̀kan nínú wa rí i, ó sì ti fẹ́ lọ bá onílé oògùn jà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Lisdexamfetamine kì í ṣiṣẹ́ títí yóò fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ó rọra ń dé, ó sì rọra ń lọ, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó wákàtí 13 tàbí 14. Ẹni tí ó bá gbé e mì lọ́sàn-án kò ní láti bi ẹnikẹ́ni ìdí tí òun kò fi sùn.

Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn Lancet Psychiatry tẹ ìwádìí kan jáde tí ó kó ìdánwò 133 jọ. Ó rí i pé fún àgbàlagbà, ìdílé amphetamine ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ nítorí ìnira pọ̀ ju àwọn tí wọ́n lo kóró òfo lọ, nínú ìdílé méjèèjì. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2019 wo àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ó lé ní 220,000, láti ọmọ ọdún 13 dé 25. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 660 ni orí rẹ̀ dàrú, tí ó ń gbọ́ ohùn tàbí tí ó ń rí ohun tí kò sí. Ó tó ẹnì kan nínú 1,000 lára àwọn tí ń lo methylphenidate, àti ẹni méjì nínú 1,000 lára àwọn tí ń lo amphetamine. A dẹsẹ̀ dúró níhìn-ín nítorí pé a mọ ara wa. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má tíì máa wá ẹni tí ó ṣe é. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà fún un.

Methylphenidate náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 2013 ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè mú kí nǹkan ọkùnrin le kí ó má sì rọ̀ mọ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá wákàtí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ, kí ìtìjú má pa ni lára.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wá kù, òun gan-an ni ó gbé wa dé orí ìdúró yìí. Oògùn méjèèjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n sì ń mú kí ọkàn yára. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn díẹ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú. Ní ọjọ́ ayẹyẹ ìkówójọ wa, nọ́ọ̀sì wa rí i tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ń ka kóró oògùn mẹ́rin sí ọwọ́ akọ̀wé àtijọ́, bí ẹni tí ń bu obì fún àlejò. Ẹni tí ó ń kà á náà wà lára àwa mẹ́rin. Concerta mílígírámù 18 ni akọ̀wé ń lò, ó sì sọ pé kò ràn án. Elvanse mílígírámù 70 ni ó gbà, ìwọ̀n tí ó ga jù lọ, tí dókítà kì í dé lọ́jọ́ kan, nítorí pé 30 ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Mílígírámù ti ìdílé kan kì í ṣe ti èkejì. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọ̀kan mì ṣáájú iṣẹ́ alẹ́, ó jẹ obì méjì, ó mu kọfí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 178 lórí 110, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì, ẹni tí ó fún un ní oògùn kò sì lè gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ewu, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí láti fún ẹlòmíràn ní oògùn wọ̀nyí, bí a kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀.

Akọ̀wé wa ti padà sórí methylphenidate báyìí, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí ó tó gbé e mì. Ó ti fi obì sílẹ̀, nítorí pé èròjà tí ń bẹ nínú kọfí ni ó wà nínú obì. Ọtí pẹ̀lú methylphenidate kò dára. Ìlànà ilẹ̀ yìí ni pé kí a wọn ẹ̀jẹ̀ àti ìlù ọkàn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nígbàkúùgbà tí a bá yí ìwọ̀n padà, àti ní oṣù mẹ́fàmẹ́fà, kí a sì wọn ìwúwo ara pẹ̀lú. Bí wọn kò bá pè yín, ẹ pè wọ́n.

Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ọdún, kí ó fi oògùn sínú páálí rẹ̀ gan-an, kí ó sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, nítorí pé oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni amphetamine ní Nàìjíríà. Láti ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, nọ́ọ̀sì wa yóò gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ na apá.