Ẹ Mọ Ọ̀rọ̀ Náà, Ẹ Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Ahoyéyé

Ẹ ti ka ìwé kìíní tán. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín bá kọ. Ìyẹn dára púpọ̀. Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wọ ilé wa.

Ẹ lè sọ pé: "Olùkọ́, èdè Faransé ni ìjọba wa ń lò. Kí ni a fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?" Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ gbọ́ ná.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Paris láti pín ilẹ̀ yìí láàrin ara wọn. Pobè àti Sakété bọ́ sí apá Faransé. Ìdírókò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ààlà kò pín ẹbí, kò sì pín ọjà. Oògùn ara, oògùn kòkòrò, ọṣẹ, bisikíìtì, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ti Nàìjíríà wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ sí wọn lára. Ẹni tó ra nǹkan tí kò lè ka ohun tí a kọ sí i, owó ló fi ra ohun tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àbúrò ìyá mi kan ń ta ẹja gbígbẹ. Kòkòrò ń jẹ ẹja náà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ra agolo oògùn kan lọ́jà. Ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé-ìwé wo agolo náà. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ: POISON. Ọmọ náà ní: "Ìyá mi, ẹja ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oògùn ẹja ni." Inú ìyá dùn. Ó bu omi sínú igbá, ó fẹ́ po oògùn náà kí ó dà á sórí ẹja. Aládùúgbò kan tó máa ń ná ọjà Ìdírókò ló wọlé tó kígbe: "Ìyá, ẹ dúró! Májèlé ni!"

Kí ló ṣi ọmọ náà lọ́nà? S kan ṣoṣo ni. Ní èdè Faransé, "poisson" tó ní S méjì ni ẹja. "Poison" tó ní S kan ni májèlé. Ní Gẹ̀ẹ́sì náà, "poison" ni májèlé. Bí ó bá ti dà á sórí ẹja, ta ni ì bá jẹ ẹ́? Èmi ni. Ẹ̀yin náà ni.

Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ tó rí jọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀, kò sì béèrè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ yìí: PAIN. Ní Faransé, búrẹ́dì ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìrora ni. Bí ẹ bá rí i lára páálí oògùn Nàìjíríà, kò ní kí ẹ fi búrẹ́dì jẹ oògùn o! Oògùn ìrora ni wọ́n ń wí.

Ẹ wo SALE náà. Ní Faransé, ohun tó dọ̀tí ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, títà ni. Lára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n kọ ọ́ pé NOT FOR SALE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé náà kì í ṣe títà. Ẹni tó bá san owó fún irú ilé bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ lè wọgbó.

Báwo ni a ṣe lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun tí kò ní ṣì wá lọ́nà?

1. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yín bí ẹ ṣe rí i gan-an. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí S.

2. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i: lára ìgò ni, lára páálí ni, àbí lára ògiri.

3. Ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ mọ́ oògùn, ẹ gbé oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ béèrè níbẹ̀.

4. Ẹ fi èdè wa kọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ní kí ẹ ṣe pẹ̀lú.

5. Ẹ tún un kà lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún un kà ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ lè fi àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀:

DANGER: Ewu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé ń kọ ọ́.

EXP: Ọjọ́ tí agbára oògùn dópin. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má lò ó.

FOR EXTERNAL USE ONLY: Ẹ fi pa ara. Ẹ má mu ún.

KEEP OUT OF REACH OF CHILDREN: Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Bóyá ẹnìkan ń sọ pé: "Wọn kò fi mí sí ilé-ìwé ní kékeré." Ẹ rántí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kọ́ A, B, D. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tó gbà kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ti wọ kíláàsì báyìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni POISON. Ó fi èdè wa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Májèlé. Má fi kan oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí á jọ sọ ọ́:

1. Kí ni ìyàtọ̀ "poison" àti "poisson"?
2. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ló wà lára nǹkan tó wà nílé yín? Ẹ kọ ọ́ wá sí kíláàsì.
3. Níbo ni ẹ ń gbé oògùn kòkòrò sí nílé? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?