ẸNI TÍ WỌ́N NÍ KÓ PANU MỌ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òkìtìpupa)

Ẹnìkan lè béèrè pé: èwo ni ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé? Ó kàn wá gidigidi.

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọjọ́, nítorí pé ọjà wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì tó jẹun mọ́. Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Hubert Ògúndé gbé eré "Strike and Hunger" jáde. Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà wò ó, ó sì yé e. Ní 1946, wọ́n fi òfin de eré náà ní Jos. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní 1949, Ògúndé tún fi eré "Bread and Bullet" sọ ọ́.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́. Ní 1964, ọmọ Yorùbá ló ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Àwọn òṣèlú ń pariwo ìṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń tú. Ògúndé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ló fi ṣeré, ó pè é ní "Yorùbá Ronú". Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá mọ ara rẹ̀. Ìjọba Akíntọ́lá fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tiwa yìí wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ ni onílù, òṣìṣẹ́ ni oníjó. Oúnjẹ ẹnu wọn ni a gbà. Síbẹ̀, eré mìíràn tí Ògúndé gbé jáde, "Òtítọ́ Korò" ló pè é. Ní oṣù kejì 1966, ìjọba Fájuyì mú òfin náà kúrò.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tí ó ń fi orúkọ dáradára pe ohun burúkú, ọ̀rọ̀ tó yé mùtúmùwà ni ẹ̀rù rẹ̀. Àwa náà ń rí i níbi iṣẹ́. Wọn a lé èèyàn, wọn a ní àtúntò ni. Wọn a gé àjẹmọ́nú, wọn a ní ká fara dà á. Bí a bá pe ebi ní sùúrù, ṣé pupuru yóò kún àwo?

Àwọn ọ̀gá kan ti ní kí a máa fi abala Yorùbá ìwé wa yìí han àwọn kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti ní rárá. Ẹ bá wa dúró tì í. Kí ẹni tó mọ orin kọ ọ́, kí ẹni tó mọ eré ṣe é. A kò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a kò ní gbàṣẹ kí a tó sọ òtítọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.